Bi wọ́n ní iye ọjọ́ tí ìkòkò ò gorí iná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo máa ń rí àwòrán àwọn ọmọ tó mú abọ́ dání lórí fóònù mi, wọ́n á ní tí mo bá ń san owó kékeré lóṣooṣù, ọmọ kan á máa jẹun nílé-ìwé láwọn orílẹ̀-èdè tí ebi ti pọ̀. Ó wù mí kí n ṣe é. Àmọ́ ọkọ mi ní owó ìjẹkújẹ ni, pé abọ́ oúnjẹ kan ò lè sọ ọmọ di ọ̀mọ̀wé, pé ká kúkú fún àwọn òbí wọn lówó tàbí ká ra ìwé fún wọn. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì ma? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé oúnjẹ yẹn dé ẹnu ọmọ lóòótọ́? Èmi àbúrò yín.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo kà á, mo tún un kà. Kí n tètè dá ẹ lóhùn kí ọ̀rọ̀ tó gùn: ṣe é. Owó ìjẹkújẹ kọ́. Àmọ́ ọkọ ẹ náà ò fi gbogbo ẹnu purọ́, nǹkan kan wà nínú ohun tó sọ tí àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ gbọ́, màá débẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé yí kiri, látorí wíwọn ẹ̀wà nínú stọ́ọ̀ dórí jíjókòó ti àwọn tó ń ṣírò owó, tí wọ́n bá sì ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nínú ẹ̀, màá ní ìkòkò ni. Ọjọ́ tó gorí iná àti ọjọ́ tí ò gorí iná.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ kíláàsì ná. Ọmọ ọdún méje tó jí, tí ò rí nǹkan fi sẹ́nu, tó wá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sílé-ìwé, tó bá fi máa di agogo mẹ́wàá o ò ní rí i kó máa sunkún o, ebi ojoojúmọ́ kì í pariwo. Á kàn dákẹ́ ni. Á fọwọ́ lérán, ojú ẹ̀ á wà lára pátákó, òun fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Tíṣà á pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, wọ́n á ní olódo ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, gbogbo wa la mọ òwe yẹn, a kì í kàn rántí ẹ̀ tá a bá ń ka máàkì ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè lólódo, ebi ló ń pa wọ́n, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ má tó lára wọn, tàbí kó jẹ́ aràn ló ń bá wọn pín ìwọ̀nba tí wọ́n rí jẹ.

Kì í ṣe pé mo kàn ń sọ̀rọ̀ àánú. Àwọn olùwádìí kan dán an wò ní Jàmáíkà, èsì ẹ̀ jáde ní 1998, mo sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọmọ 814 ni, ní ilé-ìwé ìgbèríko 16, wọ́n ń fún apá kan lóúnjẹ àárọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ilé-ìwé fún ọdún kan, apá kejì ẹ̀wẹ̀, ọsàn ni wọ́n ń fún wọn, kì í tún ṣe odindi, wọ́n á gé ọsàn kan sí mẹ́rin, ọmọ kan á mú ẹyọ kan, kí àwọn náà ṣáà rí i pé ẹnì kan ń bójú tó àwọn, kó má bàa jẹ́ inú dídùn pé wọ́n kà wọ́n sí ló ń ran àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́. Nígbà tọ́dún yí po, àwọn tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ ga ju àwọn ọlọ́sàn lọ díẹ̀, wọ́n wúwo jù wọ́n lọ díẹ̀, wọ́n ń wá sílé-ìwé jù wọ́n lọ, àwọn kéékèèké inú wọn sì mọ ìṣirò sí i. Díẹ̀ ni o, mo tún un sọ. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé abọ́ oúnjẹ ń sọ ọmọ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ọjà ló ń tà.

Ibi tí ọkọ ẹ ti tọ̀nà gan-an rèé. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n mú ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi 50, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ sí 25 nínú wọn, wọn ò gbé e lọ síbi tó kù. Ibi tí oúnjẹ wà, ọmọ tó ń wá fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ju tibi tí kò sí lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá dán wọn wò, ibi tí tíṣà ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó yè kooro tẹ́lẹ̀ nìkan ni máàkì ti gòkè. Níbi tó kù, ọmọ yó ni, kò mọ̀wé sí i. Oúnjẹ yẹn alára tún jẹ lára àsìkò ẹ̀kọ́, torí ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí, kí wọ́n tó tò sórí ìlà, kí wọ́n tó fọwọ́, kí wọ́n tó jẹ tán kí wọ́n tó padà wọlé, wákàtí kan ti lọ. Oúnjẹ á gbé ọmọ dé kíláàsì, á sì jẹ́ kójú ẹ̀ là, iṣẹ́ tíṣà ló kù. Níbi tí kò bá sí tíṣà gidi, èmi ò kì í fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ bo ìyẹn mọ́lẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń bínú sí mi lórí ẹ̀.

Àmọ́ kí ọkọ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ìwé tó ní ká rà yẹn, wọ́n ti dán òun náà wò ní Kẹ́ńyà kan náà. Wọ́n pín ìwé fún àwọn ilé-ìwé ìgbèríko, ta ló wá jàǹfààní ẹ̀? Àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ọ̀hún, fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn sì rèé, èdè kẹta ni, wọn ò lè kà á rárá. Ìwé wà níwájú ẹ, o ò lè kà á, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Ti pé ká fún òbí lówó, mi ò ní bá a jà. Ó ń ṣiṣẹ́, ìjọba tó bá lágbára méjèèjì kó yáa ṣe méjèèjì. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé owó ò so mọ́ àga kíláàsì, oúnjẹ ilé-ìwé so mọ́ ọn, tọ́mọ ò bá wá kò ní jẹ. Ẹlòmíì á wá ní ṣé ìyá ò ní yọ oúnjẹ alẹ́ ọmọ kúrò nílé tó bá ti mọ̀ pé ó jẹ ní ọ̀sán? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn, èmi alára bi í nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wò ó ní Fílípìnì, èsì ẹ̀ jáde ní 2002, wọ́n rí i pé àwọn òbí ò yọ nǹkan kan kúrò, ohun tí ọmọ jẹ nílé-ìwé, orí ohun tó ń jẹ nílé tẹ́lẹ̀ ló bọ́ sí. Àwọn èèyàn máa ń fojú olè wo tálákà, ìyẹn ló ń bí wa ní irú ìbéèrè yẹn.

Kí n sọ ohun kan tójú mi rí. Ilé-ìwé kan tí mo lọ wò, wọ́n ti pín oúnjẹ tán, àwọn ọmọ ti ń fọ abọ́, mo wá rí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ilé, á tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka ko ìdajì oúnjẹ ẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ṣe é jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti ń ṣe é ọjọ́ pẹ́, ó pọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó, ó tì í sábẹ́ ìwé nínú báàgì. Mo rò pé ẹ̀rù á bà á nígbà tó rí mi. Kò bà á. Ó kàn wojú mi, ó ní "ti àbúrò mi ni," bí ẹni pé èmi ni mi ò mọ nǹkan. Àbúrò ọ̀hún ò tíì tó wọ ilé-ìwé. Ọ̀gá àjọ tá a jọ lọ ní kí wọ́n ṣòfin pé ọmọ kankan ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ jáde nínú ọgbà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la ti ja ìjà yẹn, àjàṣẹ́gun sì ni tèmi, torí kí lo fẹ́ kọ́ ọmọ tó ti mọ ẹ̀tọ́ tó báyìí?

Ohun tó bójú mu ni kí wọ́n fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀ jẹ, kí wọ́n sì fún un ní nǹkan gbé lọ sílé. Wọ́n ṣe é ní Bùrùkínà Fasò, ọmọbìnrin tó bá wá sílé-ìwé ọjọ́ 90 nínú 100, ìyẹfun kílò mẹ́wàá ló máa gbé lọ sílé lóṣù. Orúkọ àwọn ọmọbìnrin nínú ìwé ilé-ìwé pọ̀ sí i, àti níbi tí wọ́n ti ń jẹun nílé-ìwé àti níbi tí wọ́n ti ń gbé ìyẹfun lọ, àmọ́ níbi ìyẹfun, àwọn àbúrò tó wà nílé náà wúwo sí i. Òbí tó ń ronú pé ṣé kí n rán ọmọbìnrin yìí lọ sílé-ìwé àbí kó dúró bá mi wo ọmọ kó sì máa pọnmi, kílò mẹ́wàá yẹn ti bá a dá a.

Nǹkan mìíràn tí ò dùn mọ́ àwa onílé-iṣẹ́ yìí nínú ni pé a kì í débẹ̀ lásìkò. Ìgbà tí àìjẹunrekánú ń ba ọmọ jẹ́ jù ni láti inú oyún títí dé bí ọmọ ọdún méjì, ọmọ tó ti kúrú nítorí ebi ní àsìkò yẹn, oúnjẹ ọ̀sán ilé-ìwé lọ́mọ ọdún mẹ́fà ò lè da gbogbo ẹ̀ padà. Torí náà tẹ́nì kan bá ní kó o yan ọ̀kan, láàárín aboyún tí ebi ń pa àti ọmọ ilé-ìwé, aboyún ni kó o kọ́kọ́ dá lóhùn, mo sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n rí ní Íńdíà, ìwádìí ẹ̀ jáde ní 2021: àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ oúnjẹ ilé-ìwé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, nígbà táwọn náà wá bímọ, àwọn ọmọ wọn ò kúrú tó ti àwọn tí ò jẹ ẹ́. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ogún ọdún kí èrè ẹ̀ tó hàn. Ọmọbìnrin tí wọ́n bọ́ lónìí yẹn náà ni aboyún ọ̀la, a kàn ń gba ọ̀nà jíjìn débẹ̀ ni.

Íńdíà yẹn, kí n tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀, torí òun ló tóbi jù, ọmọ tó ju mílíọ̀nù 100 lọ ló ń jẹ ẹ́. Ọdún 1995 ni ìjọba àpapọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi púpọ̀ ló jẹ́ pé hóró ọkà lásán ni wọ́n ń dì fáwọn ọmọ lọ sílé, ìgbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọn pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 2001 pé oúnjẹ sísè ni kí wọ́n máa fún wọn ni ìkòkò tó wá gorí iná káàkiri. Wọ́n sì kọ ìwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀, ọmọ kíláàsì kékeré gbọ́dọ̀ rí kálórì (ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) 450 àti purotéènì (èròjà tó ń mú ara dàgbà) gíráàmù 12, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á rí 700 àti gíráàmù 20. Orí ìwé nìyẹn o. Obìnrin tó ń se é ńkọ́? Láti 2009, rúpì 1,000 lóṣù ni ohun tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀ fún un, fún oṣù mẹ́wàá péré lọ́dún, wọn ò tiẹ̀ pè é lówó oṣù, wọ́n pè é lówó ìmọrírì. Ẹni tó ń jí ní ìdájí, tó ń fẹnu fẹ́ná, tí èéfín igi ń wọ̀ lójú, tó ń ro ìkòkò tó tó ọmọdé wọ̀, ìmọrírì ni wọ́n fi ń san án. Tí owó ẹ bá fẹ́ lọ síbì kan, jẹ́ kó lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó fún alásè, torí alásè tí ò rówó gbà lọ́jọ́ kan kò ní wá, ìkòkò ò sì ní gorí iná.

Íńdíà yẹn náà ni jàǹbá kan ti ṣẹlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Bíhár, oṣù keje 2013. Òróró tí wọ́n fi se oúnjẹ, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sóko ti wọ inú ẹ̀. Ọmọ 23 kú. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì máa ń dì mí lọ́fun. Látìgbà yẹn, ibikíbi tí mo bá dé, stọ́ọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀ kí n tó wo kíláàsì: kí ló wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró, kẹ́ẹ̀gì yìí kí ni wọ́n rọ sínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ló mú kọ́kọ́rọ́. Màá sì bi wọ́n pé àgbàlagbà wo ló kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ yìí wò lónìí kí ọmọ tó jẹ ẹ́. Kí wọ́n dárúkọ ẹ̀. Tí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, mo ti mọ̀.

O bi mí báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó dé ẹnu ọmọ. Olè oúnjẹ ilé-ìwé kì í fi ọkọ̀ kó o lọ lóru, ṣíbí ṣíbí ló ń bá a lọ. Mo rí kọ́ọ̀pù ìwọ̀n kan rí nínú stọ́ọ̀, agolo ni, wọ́n kọ iye gíráàmù sára ẹ̀ mèremère, mo gbé e yí po, mo rí i pé wọ́n ti fi nǹkan lu ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọnú. Ó kéré. Tó o bá wò ó lókèèrè o ò ní mọ̀. Àmọ́ fi ọmọ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta sọ́nà ẹ̀, fi ọjọ́ àádọ́ta sọ́nà ẹ̀, kó o wá rí iye àpò tó ti rìn jáde. Ẹlòmíì ò ní fọwọ́ kan kọ́ọ̀pù, orúkọ ọmọ tí ò sí láyé ló máa kọ sínú rẹ́jístà, wọ́n á ní ọmọ irínwó ló jẹun, ẹ ka iye abọ́, ẹ rí i pé kò tó ọ̀ọ́dúnrún. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn tí àjọ kan bá ń fọ́nnu pé gbogbo kọ́bọ̀ ẹ ló ń lọ sínú oúnjẹ. Ta ló wá ń wọn ọ́n? Ta ló ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀? Ọ̀wọ́n ni ẹni tó ń ṣọ́ stọ́ọ̀, òṣùwọ̀n gidi náà ń náni lówó, ẹni tó bá ní òun ò náwó sí i, kó sọ ibi tóun ti ń rí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, gbogbo olè yẹn, mo rò pé ọjọ́ òfìfo ń pa ọmọ lára jù ú lọ. Oúnjẹ ilé-ìwé tó wá lónìí tí ò wá lọ́la, òbí ò lè fi ìyẹn ṣètò ilé, ọmọ ò lè fi rìn. Táàmù á bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àpò ẹ̀wà á dé lọ́sẹ̀ kẹrin torí ìwé kan wà lórí tábìlì ọ̀gá kan tí ò tíì fọwọ́ sí i. Òjò á rọ̀, ọkọ̀ ò ní lè kọjá. Omi á gbẹ. Igi ìdáná á tán, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ máa ṣa igi bọ̀ látilé, èyí tí ò bá ṣa á, ẹ̀rù á bà á, kò ní wá. Nínú ìròyìn ọdọọdún, wọ́n á kọ ọ́ pé a bọ́ ọmọ báyìí báyìí, òótọ́ sì ni, wọ́n bọ́ wọn, àmọ́ ọjọ́ mélòó? Ọmọ tó jẹun ọjọ́ 60 nínú ọjọ́ ilé-ìwé ọdún kan àti èyí tó jẹun ọjọ́ 180, ọmọ kan náà ni wọ́n á kà á sí nínú ìròyìn. Torí náà má bi wọ́n ní iye ọmọ. Iye ọmọ ni wọ́n ti fi ṣe pátákó ìpolówó, wọ́n ti há a sórí. Bi wọ́n pé ní táàmù tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni ìkòkò ò gorí iná, kí ló sì fà á. Àjọ tó mọṣẹ́ á dá ẹ lóhùn, á tiẹ̀ máa ṣàlàyé ju bó o ṣe bi í lọ. Èyí tó bá ní kò ṣẹlẹ̀ rí, irọ́ ni, kò sí ibi tí kì í ti í ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè kejì tí mo máa ń bi wọ́n ni pé ta ló máa gbé ìkòkò náà lẹ́yìn yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó àwa aláàánú ló ń bọ́ àwọn ọmọ ayé, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Nínú ìròyìn tí Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé, WFP, gbé jáde ní 2025, ọmọ mílíọ̀nù 466 ló ń jẹ oúnjẹ ilé-ìwé káàkiri ayé, ìdá 99 nínú 100 owó ẹ̀ ló sì ń ti àpò ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè fúnra wọn wá. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ibi tí ebi ti pọ̀ jù ni ìkòkò ti kéré jù. Ìròyìn wọn ti 2022 ní láwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù, nǹkan bí ọmọ 18 nínú ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 100 ló ń rí i jẹ, láwọn ìlú olówó, ó tó 60. Àwọn olówó yẹn mọ̀ ọ́n fún ara wọn tipẹ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ẹ̀ ní 1906, Amẹ́ríkà ní 1946. Torí náà ibi tí owó ẹ ti wúlò ni ibi tí ìjọba ò tíì lè dá a gbé, kí àjọ bá wọn gbé e, kó sì máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbà á lọ́wọ́ òun. Ní Kẹ́ńyà, WFP bẹ̀rẹ̀ ní 1980, ìgbà tó di 2018 ni ìjọba wọn gba gbogbo ẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì. Ó pẹ́, mo mọ̀, àmọ́ wọ́n gbà á. Ibi tí mo ti rí àjọ tó kàn dédé palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan nítorí pé ẹni tó ń fún wọn lówó ti yíjú síbòmíì, mi ò fẹ́ sọ bí ojú àwọn ọmọ ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ náà. Bùràsílì, tí ètò tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 1955, fi í sínú òfin ní 2009 pé ó kéré tán, ìdá 30 nínú 100 owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbé sílẹ̀ fún oúnjẹ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kékeré, wọ́n sì ti gbé ìdá yẹn sókè látìgbà náà. Wo ọgbọ́n ẹ̀: bàbá ọmọ náà ń ta ẹ̀wà, ọmọ ń jẹ ẹ̀wà, bàbá wá rówó ra nǹkan ìkọ̀wé tí ọkọ ẹ ń sọ. Èyí tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àpò wá láti ilẹ̀ òkèèrè, mi ò ní kí ó má ṣe, ní ibi ogun tàbí ọ̀dá kò sí ọ̀nà mìíràn, àmọ́ níbi tí àgbẹ̀ wà tí ohun tó gbìn ń jẹrà lóko, ìyẹn ò ṣeé gbà. Ìwọ náà má sì ṣe di àpò oúnjẹ ránṣẹ́ síbì kankan o, owó ni kó o fi ránṣẹ́.

Ó ku àwòrán yẹn. Àwọn kan á ní kó o yan ọmọ kan, wọ́n á fi orúkọ ẹ̀ àti fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ. Má yan ọmọ. Nínú kíláàsì tí ọmọ ogójì wà, kí mẹ́fà dìde lọ jẹun torí pé aláàánú yan àwọn, kí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n jókòó máa wò wọ́n, tàbí kí wọ́n pè é ní oúnjẹ tálákà kí ojú máa ti àwọn mẹ́fà náà, kí wọ́n máa sá fún un, ìkòkò tó ń dá irú ìyapa bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò yẹ ní gbígbé kaná. Gbogbo ilé-ìwé ni kó jẹ ẹ́. Kí wọ́n fún wọn lóògùn aràn pẹ̀lú, kí omi àti ọṣẹ wà ní ẹnu ọ̀nà, kí iyọ̀ tí wọ́n fi se é ní áyódìn nínú, èròjà tí ọpọlọ ọmọ nílò, àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ẹ́ tí kì í wọ inú fọ́tò.

Mi ò ní dárúkọ àjọ tó yẹ kó o fún, torí ìyẹn á di ìpolówó, àmọ́ kí o má rò pé àjọ ńlá nìkan ló lè ṣe é. Àjọ kan tó ń jẹ́ Mary's Meals bẹ̀rẹ̀ ní Màláwì ní 2002 pẹ̀lú ọmọ 200, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì báyìí, àwọn òbí àti ará àdúgbò fúnra wọn ló ń se é. Bí kékeré bí ńlá, ìbéèrè kan náà ni kó o bi gbogbo wọn, àní kó o jẹ́ kí ọkọ ẹ ló kọ ọ́, torí òun ni ò gbà gbọ́, kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn bò yín lójú. Kó kàn kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́. A fẹ́ máa ran ètò oúnjẹ ilé-ìwé yín lọ́wọ́ lóṣooṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ní táàmù tó kọjá, ọjọ́ mélòó làwọn ọmọ wá sílé-ìwé tí oúnjẹ ò sí, kí ló fà á? Ṣé ẹ ń sanwó fún alásè, ọwọ́ ta lẹ sì ti ń ra oúnjẹ? Ọdún wo lẹ fẹ́ fà á lé ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́?" Kó má fi nǹkan kan kún un. Fún wọn lọ́sẹ̀ méjì. Èsì tí wọ́n bá fọ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, kódà tí wọn ò bá fèsì sọ fún mi, màá bá yín kà á.